Ìbò Margate: Ta Ló Ní Kò Kàn Wá?

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ òru ni púpọ̀ nínú yín ti bọ̀ kí ẹ tó gbé ìwé ìròyìn yìí mú, n ò sì ní fi àkọ́sọ gígùn da yín láàmú. Ọ̀rọ̀ ìbò ni mo gbé wá. Kì í ṣe ìbò Nàìjíríà, ìyẹn ti pọ̀ lẹ́nu wa jù. Kì í sì í ṣe ìbò àwọn aṣòfin tó ń lọ sí Westminster. Ìbò káńsù ni, ìbò oṣù karùn-ún, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gba iwájú ibùdó rẹ̀ kọjá lọ wọ bọ́ọ̀sì, bí ẹni ń gba iwájú ilé ẹlòmíì kọjá.

Margate ni mo fẹ́ mú lò. Ìlú etíkun ni, ní Kent, níbi tí àwọn ará London ti máa ń lọ gbatẹ́gùn láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Margate, Ramsgate àti Broadstairs pẹ̀lú àwọn abúlé tó yí wọn ká ló wà lábẹ́ káńsù kan tí wọ́n ń pè ní Thanet. Ẹni tó bá ti ṣe nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ care ní ìhà ibẹ̀ rí mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ìdí tí mo fi mú un ò ju pé láàárín ọdún mẹ́wàá péré, láti 2015 sí 2025, èsì ìbò ibẹ̀ ń yí padà bí àkàrà inú epo, àwa sì ń wò ó bí ẹni ń wo sinimá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 2015. Ní ọjọ́ keje oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ìbò méjì ni wọ́n dì pọ̀ lọ́jọ́ kan. Nigel Farage, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ UKIP nígbà náà, fẹ́ di aṣòfin South Thanet. Craig Mackinlay ti ẹgbẹ́ Conservative fi ìbò 2,812 ṣíwájú rẹ̀. Gbogbo ayé gbọ́ ìyẹn, àwọn kan nínú wa tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èyí tí a ò fetí sí ni ti káńsù. Nínú ìjókòó 56 tó wà ní káńsù Thanet, UKIP kó 33. Conservative rí 18, Labour rí 4. Ẹgbẹ́ náà ò tíì gba irú agbára bẹ́ẹ̀ ní káńsù kankan rí. Ọkùnrin tí a ní kò wọlé, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti gba kọ́kọ́rọ́ ìlú.

Mo mọ ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu: wọ́n kórìíra wa ni. Àwọn kan wà tó kórìíra wa lóòótọ́, n ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ojú ìlú yẹn ti rí. Láyé àtijọ́, òun ló ń gba àlejò London nígbà ooru. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú olówó pọ́ọ́kú bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn lọ sí Spain, níbi tí oòrùn ti dájú, àlejò ò wá mọ́. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá di ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan, landlord ń gbowó, ògiri ń jẹrà. Àwọn káńsù kan ní London rí i pé ilé ò wọ́n níbẹ̀, wọ́n ń kó àwọn tí kò nílé lórí lọ síbẹ̀. Ní oṣù kejì 2011, ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer kéde pé òun máa ti ilé ìwádìí òun ní Sandwich tó wà nítòsí, níbi tí nǹkan bí 2,400 èèyàn ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù karùn-ún 2014, pápákọ̀ òfurufú Manston náà tì pa. Bí ẹ bá jẹ́ bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹnì kan wá ní òun máa ṣí pápákọ̀ yẹn padà, ṣé ẹ ò ní gbọ́ tirẹ̀ ni? Ohun tí UKIP ṣèlérí gan-an nìyẹn.

Ìlérí dùn ún ṣe. Láti ṣí pápákọ̀ náà, káńsù ní láti fi agbára òfin gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ó sì rí olówó tó máa bá a gbé ẹrù náà. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2015, àwọn olórí káńsù wo ìwé títí, wọ́n ní àwọn ò lè bá ilé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ṣe é. Bí ìjà ṣe bẹ́ nìyẹn. Àwọn kan nínú kánsẹ́lọ̀ wọn bínú fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọn ò sì ju ìdajì káńsù lọ mọ́. Oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá o! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ ìbò ò tíì rákòrò. Ní 2018, Chris Wells tó jẹ́ olórí káńsù kúrò lórí àga, Conservative gba àkóso. Nígbà tí ìbò mìíràn dé ní 2019, UKIP ò rí ìjókòó kan ṣoṣo. Conservative kó 25, Labour kó 20. Ní oṣù karùn-ún 2023, Labour kó 30, èyí tó ju ìdajì lọ, Rick Everitt sì di olórí.

Pápákọ̀ ńkọ́? Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti tì í, èrò kan ò tíì padà wọ bàálù níbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ tán ní 2023 ò mọ ìwà òkun. Káńsù méjì ló wà lórí àwọn ará Margate. Ti Thanet ni kékeré, ti Kent ni ńlá, tó kó Thanet àti àwọn agbègbè mìíràn pọ̀. Ìbò káńsù Kent wáyé ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2025. Nínú ìjókòó 81, ẹgbẹ́ Reform UK, ẹgbẹ́ Farage kan náà tó fi UKIP sílẹ̀, kó 57. Liberal Democrat rí 12, Conservative rí 5, Green rí 5, Labour rí 2. Conservative tó ti ń ṣàkóso Kent láti 1997! Márùn-ún péré ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn.

Nọ́ńbà 57 yìí pa mí lẹ́rìn-ín. Ní oṣù keje ọdún kan náà, wọ́n dìbò káńsù ní ìpínlẹ̀ Èkó. APC kó alága 57 nínú 57, ó sì kó kánsẹ́lọ̀ 375 nínú 376. (Ẹyọ kan tó kù yẹn, mo rò pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ ni.) Ní Kent, ẹgbẹ́ tó fọ́ gbogbo ẹgbẹ́ yòókù mọ́lẹ̀ ṣì rí èèyàn 24 tó ń bá a jiyàn. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni àìsàn wa ti bẹ̀rẹ̀. Ilé la ti kọ́ ọ pé ìbò káńsù kì í ṣe ìbò, pé wọ́n ti kọ èsì sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. A wá di ìgbàgbọ́ yẹn sínú báàgì pẹ̀lú gàrí àti èlùbọ́, a gbé e wọ bàálù, a sì gbé e dé Kent.

Lẹ́yìn èsì ìbò 2025 yẹn, fóònù mi ò sinmi. Àbúrò kan tó ń ṣe care létíkun níbẹ̀ pè mí ní kùtùkùtù Sátidé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ti gbọ́ pé wọ́n ti wọlé?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn Farage. Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n máa lé wa ni? Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ school ni o."

Mo ní kó fara balẹ̀. Káńsù ò lágbára kankan lórí físà. Home Office ló ni ìyẹn. Bí ẹgbẹ́ kan bá tiẹ̀ kó gbogbo ìjókòó 81, kò lè fagi lé físà ẹnì kan ṣoṣo. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ẹ ṣeun sà, ó fẹ́ lọ sùn.

Mi ò jẹ́ kó tíì lọ. Mo ní, ìwọ náà gbọ́: ta ló ń san owó àwọn màmá tí ò ń wẹ̀ láàárọ̀? Káńsù Kent ló ń bójú tó ìtọ́jú àwọn arúgbó àti àwọn aláìlera. Òun ló ń tún títì ṣe, òun ló ń pín ààyè ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wa, òun ló ni láíbìrì. Care home tó ti ń ṣiṣẹ́, aládàáni ló ni ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n káńsù ló ń san owó fún púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀. Bí káńsù bá fún owó náà mọ́wọ́, wákàtí iṣẹ́ á dín kù. Bí ilé náà bá kógbá sílé, tí sponsor bá bá a lọ, ọgọ́ta ọjọ́ ni Home Office sábà máa ń fún èèyàn láti wá òmíràn. Ẹni tó jókòó ní káńsù ò lè lé e, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Àbúrò mi dákẹ́. Mo bi í pé ṣé ó dìbò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kẹ̀? Ṣé àwa náà lè dìbò ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Màá padà sórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ti Kent, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Ní ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, ìjọba Labour ní London ti ilẹ̀kùn físà care mọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti òkè òkun. Ẹ mọ ẹni tó kọ lẹ́tà sí ìjọba pé ọ̀rọ̀ físà yìí máa kó àwọn care home sí wàhálà? Káńsù Kent ni. Linden Kemkaran, olórí káńsù tí Reform gbé wọlé, wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ tó fi ọ̀rọ̀ àjèjì polongo títí tó fi dé orí àga, wọ́n ṣí ìwé ìṣirò, wọ́n rí ẹni tó ń gbé ìyá àwọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀. N ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Inú mi tiẹ̀ dùn pé wọ́n kọ ọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé ohun tí èèyàn ń pariwo níta àti ohun tó ń bá pàdé nínú ọ́fíìsì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ìjà náà ńkọ́? Ó tún bẹ́. Ní oṣù kẹwàá 2025, fídíò ìpàdé wọn jáde síta, níbi tí olórí wọn ti ń pariwo mọ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ rẹ̀. Wọ́n dá àwọn kan dúró, wọ́n lé àwọn kan kúrò nínú ẹgbẹ́. Oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó bá rántí 2015 á kàn mi orí ni.

Ẹ má sì fojú kéré káńsù kékeré. Ti Thanet ló ń kó pàǹtírí. Òun ló ń wo ilé tí landlord kọ̀ tí kò tún ṣe, tí ògiri yàrá ń dúdú nítorí omi, tí ọmọ ń wúkọ́ lóru. Fún ọdún mẹ́wàá láti 2011, ó ní kí àwọn landlord apá kan Cliftonville àti àárín Margate gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó lè háyà ilé fún èèyàn. Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, kánsẹ́lọ̀ ló ń jókòó ṣe é. Ẹni tó bá ti gbé nínú ilé tí omi ń jò láti òkè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Àwọn pásítọ̀ wa àti àwọn ààfáà wa mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Ẹ háyà ilé ìkẹ́rùsí kan, ẹ kun ún, ẹ ra àga igba, ẹ gbé spíkà wọlé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́tà dé láti káńsù: ta ló fún yín láṣẹ láti sọ ilé ìkẹ́rùsí di ilé ìjọsìn? Ẹ kọ̀wé bẹ̀bẹ̀. Àwọn aládùúgbò kọ̀wé ta kò ó, wọ́n ní ariwo pọ̀, wọ́n ní mọ́tò ń dí àwọn lọ́nà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá le, àwọn kánsẹ́lọ̀ á jókòó lé e lórí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn aládùúgbò á kún gbọ̀ngàn. Ibẹ̀ ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa pé ta ló mọ kánsẹ́lọ̀. A ń gba ààwẹ̀ kí ọkàn kánsẹ́lọ̀ lè rọ̀. Mo gbàgbọ́ nínú àdúrà o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n igba èèyàn ló ń jókòó sórí àga yẹn lọ́jọ́ Sunday, mélòó nínú wọn ni orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò? Kánsẹ́lọ̀ mọ iye rẹ̀. Ó wà nínú ìwé tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé káàkiri nígbà ìpolongo.

Ẹ jẹ́ kí n wá dá àbúrò mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, àwa náà lè dìbò. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní England pẹ̀lú físà tó péye, ìbáà jẹ́ físà iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ ti ẹni tó tẹ̀ lé ọkọ tàbí aya rẹ̀ wá, bó bá ti pé ọdún 18, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Kò dìgbà tó bá gba pásípọ́ọ̀tù wọn. Kì í sì í ṣe ti káńsù nìkan, títí kan ti aṣòfin. Commonwealth ló fà á. Ará Ítálì tó ti ń ta kọfí níbí láti ogún ọdún ò lè dìbò aṣòfin bí kò bá tíì di ọmọ ilẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìbàdàn dé lọ́dún tó kọjá lè dì í. Àwọn ìbátan wa láti Kétu àti Àjàṣẹ́ ní Benin Republic, tí èdè kan náà jọ wà lẹ́nu wa, kò ní in, torí orílẹ̀-èdè wọn ò sí nínú Commonwealth. Bí wọ́n bá lè gbà á lọ́wọ́ wa, wọn ì bá ti gbà á, torí a ò lò ó.

Ní ti Nàìjíríà tí à ń fi gbogbo ohùn wa jà lé lórí, òfin ibẹ̀ ò gba ẹni tó wà ní òkè òkun láyè láti dìbò láti ibí. Mo ti jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú níbi tí a ti fi wákàtí méjì jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó ṣe gómìnà ní Ọ̀ṣun, tí àwọn àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà. Mo wá béèrè orúkọ kánsẹ́lọ̀ àdúgbò tí gbọ̀ngàn tí a jókòó sí wà. Ẹnì kan ò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan dáhùn pé "Kemi Badenoch", gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Kemi tó di olórí ẹgbẹ́ Conservative ní oṣù kọkànlá 2024 kì í ṣe kánsẹ́lọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun nìkan ni orúkọ tó wá sí wa lẹ́nu, torí òun là ń bá jà. Ibi tí a ò ti lè dìbò, a ń pariwo níbẹ̀. Ibi tí a ti lè dì í, a ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Kí ni ká ti pe èyí?

Àwọn kan á ní, mélòó la jẹ́ ní Margate tí ìbò wa á fi dí nǹkan? Ẹ bá mi dé etíkun mìíràn, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá, ìlú tí wọ́n ń pè ní Blyth, ní Northumberland. Ní oṣù karùn-ún 2017, wọ́n ka ìbò wọ́ọ̀dù South Blyth, obìnrin Liberal Democrat kan ní 356, ọkùnrin Conservative kan ní 356. Wọ́n tún un kà, ó dọ́gba. Òfin ní bó bá rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n ṣẹ́ kèké. Wọ́n ṣẹ́ kèké lóòótọ́, kèké mú obìnrin náà. Conservative tó ti ní 33 nínú ìjókòó 67 ò wá lè dá káńsù náà ṣe, ẹyọ kan ṣoṣo ló jìn wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹ wá wo ìdílé Yorùbá kan: bàbá, ìyá, àti ọmọ tó ti wọ yunifásítì. Ìbò mẹ́ta nìyẹn. Nígbà ìbò káńsù, àwọn òyìnbó gan-an kì í jáde, nínú èèyàn mẹ́ta, ẹyọ kan ló sábà máa ń dìbò bí kò bá sí ìbò aṣòfin lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá jáde, ó ti di mẹ́ta.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí orúkọ àwọn wà níbi kankan. Orúkọ yín wà ní Home Office, ó wà ní ọsibítù, ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba council tax, kò sì sí oṣù tí ìyẹn ń gbàgbé yín! Ìwé olùdìbò tí wọ́n ń tà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà wà lóòótọ́, ẹ lè ní kí wọ́n yọ orúkọ yín kúrò nínú ẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, ẹ̀tọ́ yín láti dìbò ò sì ní bàjẹ́. Èyí tó kù yẹn, báńkì máa ń wò ó bí ẹ bá fẹ́ yá owó ilé tàbí kí ẹ gba fóònù olóṣooṣù. Ẹni tó ń wá ilé rà tí orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀ ń dá ara rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ò le. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba ni, pẹ̀lú nọ́ńbà National Insurance yín, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìbò, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ ṣáájú ni wọ́n ti ń ti ìwé. Ibùdó ìbò ń ṣí láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ òru ò jẹ́ kó ráyè, kó gba ìwé ìbò sílé, kó fi póòsì dá a padà. Láti oṣù karùn-ún 2023, wọn ò gbà kí èèyàn dìbò ní ibùdó ní England láìmú káàdì tó ní fọ́tò dání, ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wà lára ohun tí wọ́n gbà. Bẹ́ẹ̀ ni, pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé yẹn, tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta ní gbogbo pápákọ̀ òfurufú ayé, níbí yìí wọ́n á wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fún yín ní pẹ́ńsù. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń fà á níbí o, kò sí ìtẹ̀ka.

N ò sọ ẹni tí kí ẹ dìbò fún. Mo mọ ọmọ Yorùbá tó dìbò fún Reform ní 2025, ó ní ọ̀nà tó kún fún kòtò ti ba táyà òun jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò yé mi, a sì jọ jiyàn títí, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún un ju ẹni tó jókòó sílé lọ. Kánsẹ́lọ̀ fúnra rẹ̀ tún wà. Ẹni tó bá ti gba ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke lè dupò ọ̀hún, kò dìgbà tó bá di ọmọ ilẹ̀ yìí. Olóògbé Tayo Situ bẹ̀rẹ̀ láti kánsẹ́lọ̀ ní Peckham kó tó di méyọ̀ Southwark ní 2010. Southwark kún fún tiwa, mo mọ̀. Margate ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é níbẹ̀ ní láti kan ilẹ̀kùn òyìnbó arúgbó tí pápákọ̀ Manston gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì jókòó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Lójú tèmi, àwa tí à ń wẹ ìyá rẹ̀ la yẹ kó lè ṣe é jù.

Ọ̀rọ̀ náà sì ń bọ̀ wá le sí i. Ní 2025, ìjọba ní kí àwọn káńsù Kent mú àbá wá lórí bí kékeré àti ńlá ṣe máa para pọ̀, kí káńsù kan ṣoṣo lè máa ṣe pàǹtírí, ilé, títì àti ìtọ́jú arúgbó pa pọ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìjókòó á dín kù, agbára á pọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹni tó bá dé ibẹ̀.

Àbúrò mi ti forúkọ sílẹ̀. Ó tún pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọkọ òun ń bẹ̀rù, pé pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ti kọjá ọjọ́, owó láti gba tuntun ò tíì sí. Mo ní kó sọ fún un pé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ibùdó ìbò bẹ́ẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá ti ṣì jọ ojú inú fọ́tò. Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń pariwo lẹ́yìn pé: "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ òru ti sọ ojú mi di ojú ẹlòmíràn o!"